Ṣòkòtò Fífẹ̀ Yẹ Ọkùnrin Tó Bá Lè Dọ̀bálẹ̀ Nínú Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi ọkùnrin, ẹ̀yin ti Àrìgìdì níhìn-ín ní ilẹ̀ Àkókó, ẹ̀yin ti Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé ní Àkùngbá, mo ti rí i pé ṣòkòtò fífẹ̀ ti padà dé. Èyí tó fún pinpin mọ́ ẹsẹ̀, tí ẹ fi ọ̀pọ̀ ọdún wọ̀, ẹ ti ń pa á tì. Báàgì lẹ ń wá kiri báyìí nídìí òkìrìkà ní ọjà Ìkàrẹ́. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ mi ń bínú sí i, wọ́n ní aṣọ ọmọ ìta ni. Èmi ò bá wọn bínú. Inú mi dùn sí aṣọ náà gan-an. Ohun tó ń dùn mí ni pé púpọ̀ nínú yín kò mọ̀ ọ́n wọ̀, kò sì sí ẹni tó pè yín jókòó láti kọ́ yín. Ẹ fún mi láyè kí n sọ èyí tí mo mọ̀.

Ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òyìnbó ló mú ṣòkòtò fífẹ̀ wá. Samuel Johnson, àlùfáà tó ṣiṣẹ́ Olúwa ní Ọ̀yọ́, ka oríṣiríṣi ṣòkòtò àwọn baba wa sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Àlòńgò wà níbẹ̀, èyí tó fún mọ́ ẹsẹ̀ láti òkè délẹ̀. Kẹ̀ǹbẹ̀ wà níbẹ̀, tó fẹ̀ ní ìdí àti itan, tó sì mọ nísàlẹ̀ orúnkún. Àgadáńsì wà níbẹ̀, òun ló fẹ̀ jù nínú gbogbo wọn, Johnson sì kọ ọ́ pé lọ́dọ̀ àwọn Núpé la ti gbà á. Nítorí náà, ìjà tó wà láàárín èyí tó fún àti èyí tó fẹ̀ ti wà nílẹ̀ yìí kí a tó bí ẹnikẹ́ni tó ń ka ọ̀rọ̀ mi.

Kò yẹ kí ọmọ Àkókó ka ọ̀rọ̀ nípa Núpé yẹn kó kàn ré e kọjá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọmọ ogun Núpé láti Bída fi gbógun ti ilẹ̀ wa. Wọ́n ń kó èèyàn lẹ́rú, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, àwọn baba wa sì ń sá gun orí àpáta tí ẹ ń wò láràárọ̀ yìí. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Bída ní oṣù kìíní ọdún 1897 ni agbára wọn lórí wa tó wó. Ẹṣin ni àwọn ọmọ ogun Núpé yẹn ń gùn wá. Ohun tó há mọ́ itan máa ń ni ẹni tó ń gun ẹṣin lára. Ó gbọ́dọ̀ ní àyè láti ya ẹsẹ̀ méjèèjì, kó sì jókòó bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ìdí nìyẹn tí ṣòkòtò ẹlẹ́ṣin fi fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ pé títí dòní, bí ẹ bá wo àwọn ẹlẹ́ṣin níbi dọ́bà ní Kano, ohun tó fẹ̀ ni wọ́n wọ̀ sísàlẹ̀.

Àgbẹ̀ náà ní ìdí tirẹ̀. Ẹni tó ń kọ ebè, tó ń bẹ̀rẹ̀ tó ń dìde, tó ń lóṣòó ti iṣu, bó bá wọ ṣòkòtò tó fún, àárín itan ni yóò ti ya kí oòrùn tó kan àtàrí. Àwọn aránṣọ àtijọ́ mọ èyí. Wọ́n á gé aṣọ kan lọ́tọ̀, wọ́n á fi sí àárín itan méjèèjì, kí ojú rírán má baà bọ́ síbi tí ara ti ń fà jù. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Ní Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn Baye Fall, ọmọlẹ́yìn Sheikh Ibrahima Fall, ka iṣẹ́ ọwọ́ sí ìjọsìn fún Ọlọ́run, ṣòkòtò tiwọn náà fẹ̀ rẹpẹtẹ. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ń wá àyè fún ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi nìyí, gbogbo èyí tí mo bá sọ lẹ́yìn rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ló wà: nítorí kí ọkùnrin lè yí ara rẹ̀ bó ṣe fẹ́ ni ṣòkòtò ṣe fẹ̀. Bí o bá wọ ṣòkòtò fífẹ̀ tí o wá ń fi ọwọ́ kan fà á sókè, tí o ń rọra gbé ẹsẹ̀ kó má baà gbé ọ ṣubú, tí o kò lè sáré bí òjò bá ṣú, àǹfààní rẹ̀ ti bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹni tó wọ èyí tó fún sàn jù ọ́ lọ.

Nítorí náà, ọmọ mi, má fi dígí nìkan yẹ ṣòkòtò wò. Wọ̀ ọ́ sára nílé télọ̀ kí o tó sanwó. Jókòó sórí àpótí. Lóṣòó. Gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí o ṣe máa gbé e bí o bá fẹ́ gun ọ̀kadà. Lẹ́yìn náà, dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀ níbẹ̀, kí o sì dìde láìfi ọwọ́ kan ìdí ṣòkòtò. Bó bá dúró síbi tó wà, sanwó. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, kí télọ̀ bá ọ tún un ṣe.

Èmi kò fi ìdọ̀bálẹ̀ ṣeré. Ìlú kékeré nìlú wa. Kí o tó ti ilé dé ọjà, wàá pàdé bàbá ìyá rẹ, wàá pàdé olùkọ́ rẹ àtijọ́, o sì lè pàdé ìjòyè tó ń bọ̀ láti ààfin Zaki, ọba wa. Ó di dandan kí o dọ̀bálẹ̀ fún wọn tàbí kí o tẹrí ba dáadáa. Mo ti rí ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá àgbà, tí ìdí ṣòkòtò rẹ̀ já wálẹ̀, tí pátá rẹ̀ yọ síta fún gbogbo ará àdúgbò. Màmá yẹn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ dáadáa ni ọmọ náà, ó ní ẹ̀kọ́, òun ló tiẹ̀ sáré láti kí màmá. Aṣọ rẹ̀ ló ba iṣẹ́ rere rẹ̀ jẹ́. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, kò sì sí ẹni tó máa dúró gbọ́ àlàyé lẹ́yìn tó ti rí pátá rẹ.

Ìdí la ti ń so ṣòkòtò. Okùn ni àwọn baba wa fi ń so tiwọn, okùn tó le, wọ́n á sì fà á le dáadáa ní ìbàdí. Fífẹ̀ kẹ̀ǹbẹ̀ kò ní kó já bọ́, nítorí ìdí rẹ̀ dúró gírígírí. Ṣòkòtò fífẹ̀ wúwo ju èyí tó fún lọ, aṣọ inú rẹ̀ pọ̀, ìwúwo yẹn sì ń fà á sílẹ̀ nígbà gbogbo. Ìyẹn ni pé òun gan-an ló nílò bẹ́líìtì tàbí okùn jù. Gbé e sókè, kó jókòó sórí egungun ìbàdí tàbí kó sún mọ́ ìdodo díẹ̀, kí o sì dì í. Nígbà tí ìdí bá wà lókè báyìí, aṣọ á wálẹ̀ tààrà láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ á gùn lójú ẹni tó ń wò ọ́. Ọmọ tó bá sọ ọ́ kalẹ̀ sí àárín ìdí ti gé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrú.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí gígùn, nítorí ibẹ̀ ni ìran tèmi ti jẹ̀gbádùn tó sì ti jìyà. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, lábú la wọ̀. Ó fún ní itan, láti orúnkún ló ti wá ń fẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Bàtà gúkà tó ga la ń wọ̀ sí i, èyí tó fi jẹ́ pé ṣòkòtò gbọ́dọ̀ gùn kó tó bò ó. Ní Èkó, àwọn èèyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn oníṣòkòtò yìí ń bá ìjọba gbá títì. Èkó ní títì ọlọ́dà nígbà náà. Ní Àkókó wa, iyẹ̀pẹ̀ pupa la fi ń gbá. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹrẹ̀ á gun ṣòkòtò dé orúnkún. Bó bá jẹ́ ọyẹ́, eruku á wọnú ìṣẹ́tí aṣọ, kò sì ní kúrò mọ́ bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó.

Ilẹ̀ yẹn kò tíì yí padà. Nítorí náà, níwájú, jẹ́ kí etí ṣòkòtò sinmi lórí bàtà rẹ, kó ṣẹ́po díẹ̀, kò burú. Lẹ́yìn, kó dúró lókè ilẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan ó kéré tán. Bàtà tí o máa wọ̀ jáde ni kí o wọ̀ lọ sílé télọ̀ nígbà tó bá fẹ́ wọn gígùn rẹ̀, má wọ sílípáàsì lọ. Bó bá jẹ́ òkìrìkà lo rà, tó gùn jù ọ́ lọ, má ká a sókè máa rìn kiri. Gbé e fún télọ̀ kó gé e, kó sì ṣẹ́ etí rẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, òun ló sì ń sọ òkìrìkà di aṣọ tí a dá fún ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà, tàbí tí wọ́n ń gbé yín sẹ́yìn lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́ sí Àrìgìdì, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó fẹ̀ lè bá ṣéènì wọlé. Ó lè lẹ̀ mọ́ sálẹ́ńsà tó gbóná, kó jó, kó jó awọ ara mọ́ ọn. Kí ẹ tó jókòó, ẹ ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò mọ́ ojúgun, kí ẹ fi rọ́bà dè é. Bí ẹ bá débi tí ẹ ń lọ, ẹ tú u, ẹ gbọn eruku dànù, ẹ wọlé. Kò sí oge kankan tó tó ohun tí a fi ẹsẹ̀ san.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀wù. Ẹlòmíràn nínú yín máa wọ báàgì sísàlẹ̀, á tún wọ póólò tó gba èèyàn méjì sókè, á wá rì sínú aṣọ. A ò rí ọrùn ọwọ́, a ò rí ìbàdí, a ò rí ọrùn ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé, bàbá, ṣé gbárìyẹ̀ kọ́ ni ẹ̀yin wọ̀ lé kẹ̀ǹbẹ̀, tí méjèèjì sì fẹ̀? Ìbéèrè gidi ni. Ẹ tún wo àwòrán àwọn àgbà náà dáadáa. Kẹ̀ǹbẹ̀ mọ nísàlẹ̀ orúnkún, ojúgun bàbá wà ní gbangba. Ibẹ̀ la ti ń rí i pé èèyàn wà nínú aṣọ náà, ojúgun náà ló ń gbé gbogbo fífẹ̀ yẹn dúró. Ṣòkòtò tiyín bo bàtà, nítorí náà ibòmíràn ni ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìbàdí. Ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó bá ara yín mu, ẹ ki etí rẹ̀ bọ inú ṣòkòtò, kí bẹ́líìtì hàn. Bí ẹ kò bá fẹ́ ki etí rẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ẹ̀wù náà kúrú, kó mọ ní ìbàdí. Bùbá kúkúrú dára sí i púpọ̀. Dàńṣíkí tí kò gùn dára. Ẹ ká apá ẹ̀wù sókè kí ọrùn ọwọ́ yọ.

Sẹ́nétọ̀ tó gùn dé orúnkún kò bá ṣòkòtò fífẹ̀ mu. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gígùn ẹ̀wù bo itan mọ́lẹ̀, èyí tó kù nísàlẹ̀ á wá dà bí yẹ̀rì. Ẹ jẹ́ kí sẹ́nétọ̀ máa bá ṣòkòtò tirẹ̀ lọ, èyí tó fún díẹ̀.

Bó ṣe fẹ̀ tó náà ní ìwọ̀n. Ní ojú tèmi, bí a bá tẹ́ ṣòkòtò sílẹ̀, tí a fi tépù wọn ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ láti etí kan dé èkejì, íńṣì 10 sí 11 ti tó fún púpọ̀ nínú yín. Ẹni tó ga lè dé 12. Ẹni tó kúrú, kó má kọjá 9, kó sì wọ ẹ̀wù tí àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti ṣòkòtò, kí ojú má baà gé e sí méjì. Ẹni tó tín-ín-rín, kó yan aṣọ tó wúwo, kó sì ní kí télọ̀ ṣẹ́ pílíìtì méjì-méjì sí iwájú. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ ni yóò máa wọ̀ ọ́. Ẹni tó níkùn, kó má so ṣòkòtò sábẹ́ ikùn, kó gbé e sórí ibi tó yọ jù, kó wọ ẹ̀wù tí kò há mọ́ ọn, kó jẹ́ kó jáde síta. Ó máa dà bí ọkùnrin tó jẹun kánú, ẹ̀gàn kankan kò sì sí nínú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ aṣọ tí a fi ń rán an dùn mọ́ mi ju gbogbo rẹ̀ lọ. Jíìnsì dára, kakí dára, àtíkù náà ń wálẹ̀ dáadáa. Àńkárá tuntun le jù, ó máa ń dúró gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, kí ẹ tó gbé e fún télọ̀, kó má baà tún súnkì lẹ́yìn tó bá ti rán an tán. Ṣòkòtò fífẹ̀ kan lè gba ọ̀pá mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé méjì á tó o, ibi itan ni wọ́n ti máa jí i gé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín fún ohun kan. Ẹ bi àwọn ìyá yín àgbà léèrè kíjìpá. Ní ilẹ̀ Àkókó wa yìí, ní Ọ̀wọ̀, àti lọ́dọ̀ àwọn Èbìrà ní Òkènè tí kò jìnnà sí wa, àwọn obìnrin ló ń hun aṣọ lórí òfì tó dúró lóòró, òwú nípọn, aṣọ sì fẹ̀. Kíjìpá wúwo, ó ń wálẹ̀ láìṣẹ́po, kì í tètè gbó, kò sì nílò pé kí a máa lọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Kò sí aṣọ tó yẹ ṣòkòtò fífẹ̀ tó o. Àwọn obìnrin tó ṣì ń hun ún kò pọ̀ mọ́, ara wọn sì ń dàgbà. Bí ẹ̀yin ọ̀dọ́ bá ń ra tiwọn fi dá báàgì, wọ́n á rí ìdí láti kọ́ ọmọ wọn. Ọkàn mi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀.

Nípa télọ̀, àwọn àgbà ní ẹni tí yóò dáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Wo ṣòkòtò tí télọ̀ fúnra rẹ̀ wọ̀. Bí ìṣẹ́tí tirẹ̀ bá ń tú, má gbé aṣọ rẹ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ó ní ohun tí mo fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ mi sọ lójú yín. Kò sí ìran tí àgbà kò ti bínú sí ṣòkòtò ọmọdé. Ní 1925, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Oxford ní Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ tí ayé fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹfà 1943, ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ogun ojú omi ń lé àwọn ọ̀dọ́ tí ìran wọn ti Mẹ́síkò wá kiri títì, wọ́n ń lù wọ́n, wọ́n ń bọ́ kóòtù gígùn àti ṣòkòtò fífẹ̀ kúrò lára wọn. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, ìjọba ti dín aṣọ kù láti 1942, wọ́n wá ní ẹni tó wọ aṣọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ràn ìlú rẹ̀. Ẹ kò sì nílò kí n mú yín jìnnà. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà jáde ní oṣù kẹwàá 2020 láti ní kí wọ́n fòpin sí ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS, lára ẹ̀dùn ọkàn wọn ni pé ọlọ́pàá ń mú wọn nítorí irun wọn àti bí wọ́n ṣe múra. Ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká dẹ́kun pípe ọmọ ọlọ́mọ ní olè nítorí aṣọ. Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ wo ẹnu rẹ̀, ẹ wo bó ṣe ń kí èèyàn.

Ẹ̀yin ọmọ, ojúṣe tiyín ni pé kí ẹ má yá owó dá a. Ìgbà le. Ṣòkòtò kan tó dára, dúdú tàbí aláwọ̀ eérú, tó bá bàtà méjì àti ẹ̀wù mẹ́ta lọ, ó tó fún ọdún kan. Aṣọ ńlá kọ́ ni èèyàn ńlá. Bí ẹ bá sì ń lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́, ẹ lè wọ fífẹ̀, kó mọ́, kí ilà tí áyọ́ọ̀nù fà sí i níwájú dúró dáadáa, kí bàtà aláwọ dán. Àwọn ọ̀gá wà tí kò ní fẹ́ rí i, mi ò ní tàn yín. Bí ẹ bá ti gbọ́ pé irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀, ẹ wọ èyí tí kò fẹ̀ púpọ̀ lọ, kí ẹ kọ́kọ́ gba iṣẹ́.

Lásìkò Kérésì, gbogbo ọmọ Àrìgìdì ló ń padà wálé. Ẹ tètè lọ ra aṣọ yín, kí ẹ gbé e fún télọ̀ kí oṣù kọkànlá tó parí. Bó bá ti wọ oṣù kejìlá, kò ní ráyè wọ̀n yín dáadáa, á kàn fi ojú gé e ni.